Ìkòkò Kan, Ọmọ Mẹ́rin

Bí ènìyàn bá dúró sí ìbùdókọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀, ní Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, yóò rí àwọn ọ̀dọ́ tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ Ọ̀yọ́ àti ọkọ̀ Ìlọrin ń já sílẹ̀ ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta, tí olúkúlùkù wọn ń wọ́ báàgì Gáná-mọ́sì-gó tí ó kún dé ibi tí síìpù rẹ̀ kò lè pa ẹnu dé mọ́. Bí a bá tú báàgì náà wò, a ó bá gàrí nínú rẹ̀, a ó bá èlùbọ́ tí a fi ọ̀rá méjì wé, a ó bá epo pupa nínú gálọ́ọ̀nù tí a ti fi ọ̀rá dí lẹ́nu kí ó má baà ba aṣọ jẹ́, a ó bá ata gbígbẹ àti irú, a ó sì bá ẹja gbígbẹ díẹ̀ tí ìyá ọmọ náà fi ìwé ìròyìn ká bí ẹni ká ohun iyebíye. Ìyá tí ó di ẹrù yìí ti ṣírò rẹ̀ títí pé yóò tó oṣù mẹ́ta. Ọmọ tí ó ń wọ́ ọ lọ mọ̀ nínú ikùn ara rẹ̀ pé bí ó bá pẹ́ jù, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni.

Ọ̀rọ̀ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ karùn-ún yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi sọ. Àgbọwó ni mo ń gbé, títì kan ṣoṣo ni ó pààlà láàárín àdúgbò wa àti Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948 tí ó sì jẹ́ àkọ́bí gbogbo yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba yàrá ẹ̀yìn ilé mi gbé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti di ọmọ fún mi. Mo ti rí ọmọ olówó tí ebi ń pa ní àárín oṣù, mo sì ti rí ọmọ opó tí ó fi owó péréte jẹun fún ọdún mẹ́rin láìsá fún olówó kankan. Nígbà tí mo fara balẹ̀ wo ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, mo rí i pé ẹni tí ó ń dá jẹ, tí ó sì ń fi àìní rẹ̀ pamọ́, ni owó rẹ̀ ń tètè tán, bí owó náà ti wù kí ó pọ̀ tó.

Kí ẹnikẹ́ni nínú àwa àgbà má ṣe sọ pé àwọn ọmọ òde òní ni kò mọ owó ná. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wọ yunifásítì nígbà tí ìjọba ṣì gbé ẹrù oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ rù, tí ó jẹ́ pé owó péréte ni à ń san fún oúnjẹ ọjọ́ kan, àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń tẹ́ tábìlì dè wá, tí ẹran adìẹ sì ń yọjú nínú àwo wa ní ọjọ́ Àìkú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, ìjọba ológun gbé owó náà ga. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárí gá, ẹgbẹ́ wọn tí Ṣẹ́gun Òkéowó jẹ́ olórí fún sì gbé ìwọ́de dìde káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n ń ké pé kí Ọ̀gágun Ahmadu Ali tí ó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà kúrò lórí àga. Ìbọn sì dún, ẹ̀mí àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì bọ́. Nígbà tí ó fi máa di 1984, ìjọba ológun mìíràn ti yọwọ́ kúrò nínú bíbọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìjẹun tì, olúkúlùkù sì lọ gbé ìkòkò tirẹ̀ ka iná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òjò ló ti rọ̀ láti ìgbà náà tí ilẹ̀ ti fa mu, ṣùgbọ́n èyí tí ó rọ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ilẹ̀ kò tíì fà á mu dòní. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá epo kan tí kò tó 200 náírà fò dé nǹkan bí 500. Ọkọ̀ tí ń gbé ata wá láti òkè Ọya ni epo náà ń gbé rìn, ẹ̀rọ tí ń lọ ata náà mu nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì.

Ìjọba àpapọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin àjọ tí ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, èyí tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí NELFUND, kò sì pé oṣù méjì tí wọ́n fi ṣí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èlé kò sí lórí owó náà. Èyí tí ó jẹ́ owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sápò ilé-ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì béèrè fún owó ìgbọ́bùkátà ń gba 20,000 náírà lóṣooṣù sí àpò ara rẹ̀, a kò sì ní béèrè ìsanpadà lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 2 tí ó ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Mo máa ń rọ gbogbo ọmọ tí ó bá wá sọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n má sì gbàgbé pé gbèsè ni, nítorí ohun tí kò ní èlé náà ní ọjọ́ ìsanpadà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Bí a bá pín 20,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò pé 670 náírà lójúmọ́, ẹni tí ó bá sì mọ iye tí wọ́n ń ta àwo ìrẹsì kan tí ó lẹ́ran lórí ní búkà ẹnu ọ̀nà yunifásítì lónìí, yóò mọ̀ pé owó yìí kò lè dá gbọ́ oúnjẹ ọjọ́ kan. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá bá a.

Owó akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwà kan: ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń dé, ojoojúmọ́ ni a ń ná an. Àwọn ọmọ náà ní àmì kan tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, tí 1 dúró fún ìgbà tí wọ́n jẹun tí 0 sì dúró fún ìgbà tí wọn kò jẹ, kí àárọ̀ ṣáájú, kí ọ̀sán tẹ̀ lé e, kí alẹ́ kẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ dé, 1-1-1 ni gbogbo wọn, wọ́n a sì máa fi ẹran bọ́ ara wọn lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin a ti di 1-0-1. Nígbà tí ìdánwò bá sì kan ilẹ̀kùn, tí ó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ọpọlọ ń wá oúnjẹ jù lọ, ọ̀pọ̀ wọn a ti di 0-1-0. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín láàárín ara wọn. Èmi kì í lè bá wọn rín in.

Ọmọkùnrin kan wà tí ó gbé ẹ̀yìn ilé mi, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tí ó rí ọgbọ́n dá sí i. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ti fún un ní owó, kí ó tó ra ohunkóhun, yóò ka ọ̀sẹ̀ tí ó wà títí di ìparí ìdánwò, yóò pín owó náà sí iye ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí, yóò yọ ìpín kan sẹ́yìn fún àìsàn tàbí ohun àìròtẹ́lẹ̀, yóò sì fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ń ránṣọ nílé, kí ó máa fi ti ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo gbọ́ ọ létí ara mi bí ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá tilẹ̀ sunkún sí yín létí ní Ọjọ́bọ̀, ẹ má ṣe fi ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ránṣẹ́.” Ó sunkún lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n kò fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹlẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ọmọ yìí mọ̀ pé òùngbẹ lè mú kí òun bu omi náà mu kí ẹsẹ̀ òun tó dé ibẹ̀, ni ó ṣe gbé akèrègbè fún ẹlòmíràn dì mú.

Síbẹ̀, ẹni tí ó pín owó rẹ̀ dáadáa tí ó sì ń dá ọjà rà yóò rí i pé ọjà kì í ṣojúure sí ẹni tí ń ra nǹkan wẹ́wẹ́. Ìrẹsì tí a fi agolo wọ̀n máa ń wọ́n ju èyí tí a ra ní kóńgò lọ, èyí tí a ra ní kóńgò sì máa ń wọ́n ju èyí tí ènìyàn mẹ́rin jọ pín nínú àpò kan lọ. Epo tí a bù sínú ọ̀rá kékeré, ata tí a kó lé abọ́ ní ẹyọ márùn-ún-márùn-ún, gbogbo wọn ni wọ́n ní owó orí tí tálákà ń san tí olówó kì í san. Iná tí yóò se ẹ̀wà ẹnì kan jinná, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tí yóò se ti ẹni mẹ́rin, nítorí náà yàrá mẹ́rin tí ń gbé ìkòkò mẹ́rin kaná ń sun gáàsì ẹni mẹ́rìndínlógún. Èyí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí mo torí wọn mú gègé.

Ní 2024 ni wọ́n gba yàrá méjì ní ẹ̀yìn ilé mi. Wọn kì í ṣe ìbátan, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ kò sì pa pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù, olúkúlùkù wọn a mú 20,000 náírà wá, iye kan náà tí mo sọ pé ìpín ọjọ́ kan nínú rẹ̀ kò lè dá gbọ́ oúnjẹ ọjọ́ kan ní búkà. Ó di 80,000. Wọ́n a yọ 17,000 fún ọjà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ 68,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 12,000 tí ó ṣẹ́ kù sì jẹ́ ti gáàsì àti ti ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹrù tí ìyá kọ̀ọ̀kan dì láti ilé, inú àkójọ ni ó ń lọ: èyí tí ó ti Ìjẹ̀bú wá kó gàrí wá, èyí tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kó èlùbọ́, ẹni tí ilé wọn wà ní apá Ondó gbé epo pupa, ẹni kẹrin tí kò ní oko nílé kó àwo àti ìkòkò ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ohun tí ó pọ̀ jù fún ẹnì kan nínú wọn ni ẹnì kejì ń wá.

Ọmọ aláta ni ọ̀kan nínú wọn, òun ni wọ́n fi ọjà rírà lé lọ́wọ́. Ní ọ̀sán Sátidé tí oòrùn ti ń rọ̀, tí àwọn aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́ Bódìjà kò fẹ́ gbé ọjà jíjẹrà padà sílé, ni ó máa ń lọ, kì í ṣe ní àárọ̀. Ẹnì kejì, tí ojú rẹ̀ le, ni ó ń kọ ìwé ìnáwó, ó sì ń kọ ọ́ débi wí pé iyọ̀ 100 náírà ní ìlà tirẹ̀. Wọ́n ní òfin: a ń ka ẹran kí a tó gbé ìkòkò kalẹ̀; ẹni tí kò bá sí nílé, a ó bu tirẹ̀ sínú abọ́ a ó sì dé e, bí ó bá tilẹ̀ di ọjọ́ kejì ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i; àlejò tí ẹnì kan bá mú wá, nínú ìpín ẹni náà ni yóò ti jẹ. Òfin tí ó kẹ́yìn yìí dín àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n máa ń kí wọn ní àkókò oúnjẹ kù púpọ̀.

Kí ẹ má rò pé ayé wọn dùn bí oyin láti ọjọ́ kìíní. Kò tíì pé oṣù méjì tí ẹran bẹ̀rẹ̀ sí dín nínú ọbẹ̀ lóru, tí ojú sì ń wo ojú, tí ẹnu kò lè sọ. Wọ́n pè mí pé, “Bàbá, ẹ gbà wá.” Mo jókòó, n kò sì sọ púpọ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí ariwo rọlẹ̀, ẹni tí ó kó àwo wá jẹ́wọ́ pé òun ni. Ó ní ìdajì owó oúnjẹ òun ni òun ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, pé òun yá èyí tí òun fi ń pé 20,000, nítorí náà òun kì í lè ra ohunkóhun jẹ ní ọ̀sán ní kíláàsì, ebi a sì jí òun lóru. Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Àwọn mẹ́ta ìyókù gbìmọ̀ lójú ẹsẹ̀: kí ó máa mú 12,000 wá, kí ó sì máa dáná ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ dípò méjì. Láti ọjọ́ náà ni ẹran kò ti dín mọ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ àgbàlagbà tí kò parí ọ̀ràn tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan.

Nípa ohun tí wọ́n ń jẹ, àwọn baba wa sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Akẹ́kọ̀ọ́ ti yí ipò wọn padà, gàrí ni ó fi jọba. N kò bá gàrí jà, ṣùgbọ́n agbára ni ó ń fúnni, kì í gbé ara ró, ẹni tí ó bá sì fi í ṣe òwúrọ̀ àti alẹ́ fún oṣù kan yóò rí i lára awọ rẹ̀ àti nínú ìwé tí ó ń kà tí kò wọlé. Bí ó bá di dandan, kí ẹ̀pà bá a rìn. Ẹ̀wà ni ọ̀rẹ́ olówó péréte: ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ ó rí i pé àkókò tí yóò lò lórí iná dín kù gidigidi. Ẹ sì tẹ̀ lé ìgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí tòmátì òkè Ọya bá ya wọ ọjà, ẹ rà á, ẹ sè é, ẹ fi epo dín in títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, nítorí nígbà tí òjò bá dé, owó tí a fi ra agbọ̀n kan nígbà náà lè má ra ìdajì rẹ̀. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, àgbàdo ń bẹ, àgbọn ń bẹ.

Ti ilé àti ti ìwé kò pẹ́ sọ. Yàrá tí ó jìnnà tí owó rẹ̀ kéré, ẹ fi owó ọkọ̀ oṣù kan kún un kí ẹ tó sọ pé ó rọ̀ yín lọ́rùn. Owó àgírímẹ́ǹtì àti ti kọmíṣàn tí aṣojú onílé ń gbà, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó fi ojú rere wo fèrèsé. Ìwé tí olùkọ́ sọ pé kí ẹ rà, ẹ kọ́kọ́ wò ó ní Ilé Ìkàwé Kenneth Dike bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn, tàbí ní ti Hezekiah Oluwasanmi bí ẹ bá wà ní Ifẹ̀ Oòdáyé, kí ẹ sì wá ẹni tí ó ti ka kíláàsì náà kọjá.

Ibi tí ọkàn mi ti ń gbọgbẹ́ ni ti àwọn ayánilówó orí fóònù. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún wọn yóò ti fi owó ránṣẹ́, láìbéèrè onídùúró; èlé rẹ̀ a gun èlé, ọjọ́ tí owó kò bá sì pé, wọn a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyá, sí àna, sí olùkọ́, sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù ọmọ náà pé olè ni. Àwọn mìíràn a ti ibẹ̀ já sínú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n a fi owó oúnjẹ lé owó oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Yorùbá ti ní àjọ kí báǹkì tó dé, tí alájọ ń gba díẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó sì ń dá gbogbo rẹ̀ padà ní ìparí oṣù, kí ó yọ ti ọjọ́ kan ṣoṣo fún ara rẹ̀; a sì ní èésú, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ń dá jọ tí wọ́n ń kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èésú yìí ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé kọjá òkun, tí wọ́n ń pè ní susu ní Trinidad títí di òní. Òun ni àwọn ọmọ mẹ́rin mi fi ra sílíńdà gáàsì, lẹ́yìn náà fáànù, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹnì kan nínú wọn fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Èmi náà ti fi ebi pamọ́ rí. Ní ọdún 1978 tí owó oúnjẹ gun òkè ni àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀ ní oko kòkó, tí owó kò sì dé. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń lọ jẹun, n ó sọ pé mo ti jẹ, n ó lọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, n ó mu omi títí ikùn yóò fi dún. Ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ń jókòó níwájú ìwé, lẹ́tà ń fò lójú mi. Ìyá kan tí ń fọ àwo ní ilé ìdáná ni ó rí mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀melòó ni o ti mu omi láti àárọ̀?” N kò lè dáhùn. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà kan fún mi lẹ́yìn ògiri, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí ọ̀rẹ́ tí à ń jọ gbé yàrá gbọ́, ó bínú sí mi fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí ni òun ṣe fún mi tí mo fi rò pé òun yóò jẹun kí n máa mu omi. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan nígbà náà, mo sì tún un ṣe ní ọdún kejì. Títí di òní, bí mo bá rí ọmọ tí ó ń mu omi ju bí oòrùn ti mú lọ, mo máa ń pè é wọlé.

Àwọn ọmọ mẹ́rin náà parí ìdánwò àṣekágbá wọn ní àkókò òjò, àgbàdo sì wà lójú títì. Ẹni tí ń kọ ìwé ìnáwó ka ìlà tí ó kẹ́yìn sókè fún wọn: owó àkójọ ku 1,200 náírà. Wọn kò pín in. Àgbàdo sísè àti àgbọn ni wọ́n fi rà, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé mi, wọ́n ka àgbàdo náà bí wọ́n ti máa ń ka ẹran, wọ́n sì bu tèmi sínú abọ́, wọ́n dé e, nítorí mo lọ sí mọ́ṣáláṣí, n kò tíì dé.